Orin Tí Kò Ní Olórin

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi fẹ́ ṣe àwo orin tó jẹ́ gìtá àti síǹtẹ̀sáísà (ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin) nìkan, láìsí ẹni tí yóò kọrin. Ṣé ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ ọ? Ìyá kan ní Mọ́kọlá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, wọn yóò gbọ́ ọ bí gìtá bá lè ṣe iṣẹ́ olórin. Nínú jùjú, tí ẹ mọ̀ jù wá lọ, gìtá a máa dá orin, àwọn yòókù a sì gbè é. Kí ọmọ yín jẹ́ kí gìtá dákẹ́ díẹ̀ níbi tí olórin ìbá ti mí, kí síǹtẹ̀sáísà, ẹ̀rọ tí Robert Moog gbé irú tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1964, sì máa fa ohùn gígùn lábẹ́ rẹ̀ láì bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kí orin kọ̀ọ̀kan má sì gùn jù.