Èsì: Ṣé owó ni Oswald Mosley ń lé kiri?

Rárá o, ọ̀gá mi. Olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọmọ olówó ni Mosley, owó kọ́ ló ń gbé e fò láti ẹgbẹ́ òṣèlú kan dé òmíràn. Ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù ló bá wọlé aṣòfin ní 1918, ó bọ́ sí Lébà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní 1924. Nígbà tí àìríṣẹ́ṣe gbòde, ó ní kí ìjọba MacDonald, olórí ìjọba tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Lébà, yá owó fi ṣe ọ̀nà. Wọn ò dá a lóhùn, ló bá bínú kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1930. (Àbá gidi ni, lójú tèmi.) Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1931 kò rí ìjókòó kan ṣoṣo mú nílé aṣòfin. Ó lọ wo Mussolini, apàṣẹwàá ilẹ̀ Ítálì, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́wù dúdú tirẹ̀ náà, ìyẹn ẹgbẹ́ fásíìsì, sílẹ̀ ní 1932. Nígbà tó fẹ́ kó wọn wọ ìlà oòrùn London ní 1936, àwọn ará àdúgbò Cable Street níbẹ̀ dínà pa, àwọn obìnrin ń da ohun inú póò ìtọ̀ lé àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣí ọ̀nà fún un lórí láti ojú fèrèsé. Ọlọ́pàá ní kí Mosley yáa padà.