Ọmọ mi ní prótíìnì ni kọ̀ǹpútà òun ń wò

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Orí ẹran ni mò ń sè tà ní Ọjà Ọba. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì gba ìsinmi wálé, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ mi ló ń gbé e. Mo yọjú wò ó, okùn pupa kan tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ló kàn ń gbọ̀n lójú ẹ̀rọ. Ó ní àìsàn ọpọlọ ni òun ń wò, tí prótíìnì kan tó ń jẹ́ prion ń fà, pé màlúù pàápàá ń ní in. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó ń fi epo mi ṣeré? Ẹran tí mò ń tà ńkọ́?
Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó epo. Òótọ́ lọmọ ń sọ, okùn tó ń gbọ̀n yẹn gan-an sì niṣẹ́ náà.

Ẹ wo gèlè aṣọ òkè yín. Bí ẹ bá wé e, ó dúró lórí. Bí ẹ bá tú u, tí ẹ ká a pẹlẹbẹ, ó di ohun tí à ń tò jọ sínú àpótí. Òwú ò yàtọ̀, àwọ̀ ò yàtọ̀. Wíwé ló yàtọ̀. Prótíìnì tí ọmọ yín ń wò ń jẹ́ PrP. Ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yín, ó wà lára tèmi, kò sì bá wa jà. Ègé amino acid bíi 208 ló so kọ́ra nínú rẹ̀. Ibi mẹ́ta lára okùn náà lọ́ bí òwú tí a fi kó irun. Ìgbà tó bá ṣì wé ni wàhálà dé. Á tẹ́ pẹlẹbẹ, èyí tó ti tẹ́ á sì sọ èyí tó ṣì dára di irú tirẹ̀, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra lọ bíi páànù tí a tò léra. Stanley Prusiner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló sọ irú èyí tó ń ba èkejì jẹ́ yìí ní prion ní 1982. Àwọn kan ṣì ń bá a jiyàn nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997.

Kò sí awò tó lè fi ìyípadà yìí hàn wá bó ṣe ń lọ, átọ̀mù kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ikọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kurt Wüthrich ní Zurich, ilẹ̀ Switzerland, ti gbé àwòrán apá tó lọ́ lára PrP eku jáde ní 1996. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọmọ yín á kó sínú kọ̀ǹpútà, á fi omi yí i ká (omi ìṣirò ni o, kì í ṣe omi kànga). Ẹ̀rọ á ṣírò bí átọ̀mù kan ṣe ń fa èkejì àti bó ṣe ń tì í, á sún gbogbo wọn díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Sísún kan ò ju femtosecond méjì lọ (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tó kéré jọjọ ni femtosecond). Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, kí ẹ mú ìdá kan: kí ẹ̀rọ tó la ìdá kan yẹn kọjá, ó ti ṣírò nígbà 500 mílíọ̀nù. Ẹ wá rí ohun tó ń jẹ epo yín. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ sì lè sá pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà wọ́n ń lé e sáré. Wọ́n á mú omi náà gbóná kọjá ti ara ènìyàn, wọ́n á sọ ọ́ di kíkan, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ègé kan, bí èyí tó wà ní ipò 200 tí àwọn ìdílé kan ń jogún àyípadà rẹ̀. Wọ́n á wá ṣọ́ ibi tó kọ́kọ́ ń tú. Èmi ò fi gbogbo ọkàn gbà á. Bí ẹ bá da omi gbígbóná lu gèlè, yóò tú, ṣùgbọ́n ṣé bó ṣe máa tú lóde ìgbéyàwó nìyẹn? Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ ya prion bí okùn tó ká yípo lórí ara rẹ̀. Ní 2021, wọ́n fi awò oní-electron wo ti hamster (ẹranko kékeré bí eku) tí wọ́n mú dì bíi yìnyín, pẹlẹbẹ tó tò léra ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ti ẹran yín: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá àìsàn màlúù yẹn mọ̀ ní 1986. Ẹran àti egungun màlúù tí wọ́n lọ̀ sínú oúnjẹ màlúù ló tàn án ká; ní 1996 ìjọba wọn kéde pé ó jọ pé ó ti ran ènìyàn. Ọpọlọ àti okùn inú egungun ẹ̀yìn ló ń gbé jù. Sísè ò lè pa á: ooru 134°C fún ìṣẹ́jú 18 ni ọsibítù ń lò fún irinṣẹ́, ìkòkò yín ò sì ju 100 lọ. Màlúù tiwa, koríko ló ń jẹ, n kò ní ní kí ẹ gbé ìkòkò kúrò lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí alápatà bá gbé orí màlúù tó ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́ kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀, wá fún yín, ẹ dá a padà.

Ó ku epo. Ẹ bi ọmọ yín bóyá GROMACS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú ìṣirò yìí, ló ń lò. Bó bá jẹ́ òun ni, bí wọn ò bá yí i padà, ìṣẹ́jú 15-15 ló ń tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́wàá alẹ́. Tó bá di àárọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sọ fún mi títí epo lítà 20 fi jó tán.