Tí mo bá fi SAFE (àdéhùn tó ń sọ owó di ìpín lọ́jọ́ iwájú) dókòwò sí ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, kí ni mo ní gan-an?

Lójú ẹsẹ̀, o ò tíì ní ìpín kankan. SAFE kì í ṣe gbèsè: kò ní èlé, kò ní ọjọ́ ìsanpadà, nítorí náà o ò lè lọ bá olùdásílẹ̀ lọ́dún kejì pé kó kó owó rẹ wá. Àdéhùn ni pé owó rẹ yóò di ìpín nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá ta ìpín fáwọn olùdókòwò ńlá. Y Combinator, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń dókòwò sí àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun tó sì ń tọ́ wọn sọ́nà, ló gbé e jáde ní 2013, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018.

Ibi tó yẹ kó o tẹjú mọ́ jù ni valuation cap, ìyẹn iye tó ga jù tí wọ́n lè fi díwọ̀n ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí owó rẹ bá ń di ìpín. Ká ní $50,000 lo fi sílẹ̀, tí cap inú ẹ̀dà 2018 sì jẹ́ $5,000,000, 1% ni tìrẹ. Àmọ́ kò ní dúró bẹ́ẹ̀ o. Táwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá gba 20%, tìrẹ á fà sẹ́yìn sí 0.8%.

Tí ilé-iṣẹ́ bá kú ńkọ́? Àwọn tó jẹ ní gbèsè ló máa kọ́kọ́ gbowó, ohun tó bá ṣẹ́ kù, bó bá ṣẹ́ kù, ló kàn ọ́.

Owó kì í sì í tètè dé. Bí àpẹẹrẹ, Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí ayélujára ní Nàìjíríà, wọ Y Combinator ní 2016, Oṣù Kẹwàá 2020 ni Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ńlá kan, kéde pé òun ń rà á. Ìyẹn gan-an yá. Èmi ò ní fi owó ilé-ìwé ọmọ ṣe é.