Ìró tó ń mú ara fúyẹ́: ṣé ó lè yọ́ ọ̀rá?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán dókítà. Wọ́n fi gíláàsì AR (èyí tó ń fi àwòrán kọ̀ǹpútà kún ohun téèyàn ń rí) sí mi lójú ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íkẹjà, wọ́n ki íapíìsì bọ̀ mí létí, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi nínú ẹ̀, bí mo ṣe ń rìn báyìí ni ara mi ń fúyẹ́ bí òwú. Bọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun ní ọ́díò ₦15,000 tí màmá mi á máa gbọ́ lálaalẹ́ lórí WhatsApp, pé ọ̀rá ara wọn á yọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n náà á lọ. Ṣé gíláàsì yẹn ò ní ba ojú jẹ́? Èmi ni, ará Ṣómólú.

Ìdáhùn: Ará Ṣómólú, ẹ fi gíláàsì sílẹ̀ ná. Ojú kọ́ ló mú yín fúyẹ́, etí ni. Irú ìbéèrè yìí ti di mẹ́rin tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí, inú sì ń bí mi gidi, torí òtítọ́ bíńtín ni wọ́n fi ń pọ́n irọ́ ńlá bí ẹni fi ewé pọ́n ẹ̀kọ.

Òtítọ́ ibẹ̀ rèé. Ọpọlọ ò ní sikéèlì, ṣe ló máa ń díwọ̀n ara, ìró sì wà lára ohun tó fi ń díwọ̀n. Ẹni tó wúwo bá tẹlẹ̀, á dún gbì, gbì. Ẹsẹ̀ ọmọdé á dún ta, ta. Ní 2015, olùwádìí kan, Ana Tajadura-Jiménez, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní London gba ìró ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń rìn, wọ́n dín gbì gbì kù níbẹ̀, wọ́n fi kún ta ta, wọ́n dá a padà sí wọn létí lójú ẹsẹ̀, làwọn yẹn bá ní ara àwọn fúyẹ́, kódà ìrìn wọn yí padà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1998, àwọn olùwádìí méjì, Jousmäki àti Hari, ní Finland ní káwọn èèyàn máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra èkejì, wọ́n fi kún ìró ṣìì ṣìì tó ń jáde, ọwọ́ wá dà bíi bébà gbígbẹ lára wọn. Ọwọ́ ò gbẹ o.

Ẹ padà síbi tí mo ti ní "lójú ẹsẹ̀" yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ bọ̀dá yẹn ti já. Ẹsẹ̀ tiyín ni ìró yẹn gbọ́dọ̀ ti wá, kó sì dún gẹ́lẹ́ bó ṣe ń kanlẹ̀. Àwọn ará Finland yẹn náà rí i pé tí ìró bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́, ìtànjẹ náà ń dínkù. Fáìlì WhatsApp wo ló mọ ìgbà tí màmá máa gbẹ́sẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà? Kò tiẹ̀ lè tan ọpọlọ wọn jẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọ̀rá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo gíláàsì gan-an, ká ní ẹ gun sikéèlì kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bọ́ ọ, nọ́ńbà kan náà lẹ máa rí.

Ti orúnkún, etí ni mò ń wò ní Yábà, mi ò sì tíì rí màmá yín, torí náà mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ọ́díò dá oògùn kankan dúró. Ẹ má fi gíláàsì yẹn sí wọn lójú o, ẹni tí orúnkún ń dùn tí ọpọlọ ẹ̀ sọ fún un pé ó fúyẹ́, àtẹ̀gùn ló máa gbé e ṣubú. Gbígbọ́ mọ́jú náà ò dáa, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo, wọ́n á máa yí fọ́lúùmù sókè, bẹ́ẹ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní gbígbọ́ ìró tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 (ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó) ò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin lè máa fi gíláàsì yẹn ṣeré nínú ilé, kì í ṣe lójú títì Ojúẹlẹ́gbà níbi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ gbọ́ họ́ọ̀nù dáńfó lẹ́yìn yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti sanwó ọ́díò yẹn, ẹ lọ gbà á padà, ẹ fi gba káàdì ọsibítù fún màmá.