Ọmọ mi ní òun ò ní ọpọlọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, wà ní práímárì 4. Ọmọ tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n látìgbà tí rípọ́ọ̀tù káàdì táàmù tó kọjá ti dé, ó kàn dákẹ́ ṣáá ni. Ipò 18 ló gbà, ló bá mú írésà, ó fẹ́ pa 8 yẹn rẹ́ kó lè ku 1, bébà sì lu. Bàbá ẹ̀ bínú gan-an, wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì gba ipò kejì, ṣé orí méjì ni tiẹ̀ ní ni. Ní báyìí tí n bá ti ní kó gbé ìwé, á ní "Mọ́mì, mi ò ní ọpọlọ". Ṣé kí n wá tíṣà lẹ́sìn fún un ni àbí kí n máa gbàdúrà?
Màmá Ọmọ Mẹ́ta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Màmá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ írésà yẹn ná. Ọmọ tí ò bìkítà ò ní ráyè írésà, á ju káàdì sísàlẹ̀ báàgì, á sáré lọ ṣeré ni. Ojú ló ń ti tiyín.

Ẹ bi ọmọ ọdún 5 pé ta ló mọ̀wé jù, á ní òun ni. Tó bá ti tó bíi 7, 8, ojú ẹ̀ ti là nìyẹn, á ti máa wo ti ẹgbẹ́ ẹ̀ kó tó mọ bí òun ṣe tó. Erik Erikson tó kọ̀wé nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà ti sọ ọ́ láti 1950 pé ohun tó máa ń wà lọ́kàn ọmọ láti bí ọdún 6 títí dé bíi 11 nìyẹn: ṣé mo lè ṣe nǹkan kó dáa, àbí èmi ni mo kẹ́yìn? Bàbá ẹ̀ ti wá bá a dáhùn ẹ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bá wọn jà o, tọ́mọ bá ti sùn kẹ́ ẹ rọra bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin náà, ẹ má sáré máa kì í ní olórí pípé láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwọn olùṣèwádìí méjì kan, Mueller àti Dweck, dán an wò lára àwọn ọmọ kíláàsì 5 ní Amẹ́ríkà, 1998 ni wọ́n gbé e jáde: àwọn tí wọ́n yìn pé orí wọn pé, ìgbà tí iṣẹ́ tó le dé tí wọ́n fìdí rẹmi, kíá ló sú wọn, àwọn tí wọ́n yìn fún ìsapá wọn ò tètè jáwọ́. Torí náà ohun tí ẹ rí kó ṣe gan-an ni kẹ́ ẹ yìn, "mo rí i pé o tún ìṣirò yẹn ṣe."

Tíṣà lẹ́sìn ṣì lè dúró. Ẹ bi tíṣà kíláàsì ẹ̀ ibi tó ti ń tàsé gan-an, ó lè jẹ́ ìṣirò pínpín nìkan, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò, bóyá kì í rí pátákó. Kó sì ní iṣẹ́ kan nílé tó jẹ́ tiẹ̀, kó máa bá yín ṣírò owó ọjà. Tó bá wá di pé kò jẹun, kò sùn mọ́, dókítà ló kàn.

Káàdì tó lu yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han àlejò.