Kí ló dé tí páànẹ́lì sólà 100W kò fi mú 100W wá nígbà tá a wọ̀n ọ́n?

Oòrùn 1,000W lórí mítà onígun mẹ́rin kan, pẹ̀lú páànẹ́lì tó wà ní 25°C, ni wọ́n fi dé orí 100W tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Níta, ó lè gbóná dé 60°C. Páànẹ́lì sílíkọ́nì sì ń pàdánù nǹkan bí 0.4% lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá fi kọjá 25: ìwọ̀n 35 jẹ́ 14%, ó ku 86W. Nítorí náà, ẹ lẹ thermocouple, ìyẹn ohun tó ń wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọn ohunkóhun.

Àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe jù ni pé wọ́n á wọn fọ́ltéèjì láìso nǹkan kan mọ́ páànẹ́lì. Iná kankan kì í ṣàn nígbà yẹn! Ẹ so resistor tó ṣeé yí, ìyẹn ohun tó ń dín iná tó ń ṣàn kù, mọ́ ọn, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi fọ́ltéèjì sọ áḿpíà di púpọ̀. Èyí tó ga jù ni agbára rẹ̀.