Kí ló fà á tí ilẹ̀ amọ̀ fi ń sán tó bá gbẹ, tí ilẹ̀ iyanrìn kì í sán?

Bí hóró inú wọn ṣe tóbi tó ló fà á. Hóró amọ̀ ò tó 0.002 mm, ó sì rí pẹlẹbẹ. Ti iyanrìn lè tó 2 mm. Omi máa ń wọ àárín àwọn hóró pẹlẹbẹ yìí, á tì wọ́n kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ á wú. Tí omi náà bá gbẹ, ilẹ̀ á súnkì, á sì lanu. Ní ti iyanrìn, omi kàn ń gba àárín rẹ̀ kọjá ni. Tí o bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ amọ̀, bu ilẹ̀ tútù díẹ̀, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ yí i: amọ̀ á gùn bí okùn, iyanrìn á fọ́. Gbogbo amọ̀ kọ́ ló ń wú bákan náà o. Oríṣi amọ̀ tí wọ́n ń pè ní kaolinite kì í fi bẹ́ẹ̀ wú, èyí tí wọ́n ń pè ní smectite ló ń wú jù.